Òṣùpá Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti yàrá iwájú, níbi tí o ti máa ń ká ẹsẹ̀ sórí àga nígbà tí mo bá ń bá ọ wí. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù ọ̀hún, mo kí ọ kú ìwé kíkà. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà, kí ara rẹ le, kí ọkàn rẹ sì lè gbé ohun tí ojú rẹ fẹ́ kà. Ní tèmi, ara mi dá, mò ń jẹun, ẹ̀yìn tó máa ń dùn mí kò yọ mí lẹ́nu. Mo fi èyí ṣáájú kí o má baà rò pé mo fẹ́ túfọ̀ ẹnìkan. Kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, wá ibì kan jókòó sí kí o tó ka ìyókù.

Lẹ́tà rẹ dé lánàá. Ojú ewé kan péré ni, bẹ́ẹ̀ ìwọ tí mo mọ̀ kì í kọ ohun tó dín ní mẹ́rin. O kò tilẹ̀ kí mi tán kí o tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀. O ní: "Bàbá mi, ta ló ya òṣùpá ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Òṣùpá tó dúró níwájú oòrùn ní ọjọ́ Sátidé kò lè di àrànmọ́jú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e. Tín-ín-rín ló yẹ kó rí, bí èékánná tí a gé dànù. Akọ̀wé mọ èyí ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Kí ló ṣe ọmọ mi?" Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo wá dìde lọ fi omi bọ́jú.

Èmi ni mo yà á. Gbogbo òṣùpá mẹ́jọ tó wà nínú lẹ́tà tó kọjá, ọwọ́ mi ni. Àwòrán oòrùn mẹ́fà tó ṣáájú wọn, ti Akọ̀wé ọmọ rẹ ni lóòótọ́, mo sì bẹ̀ ọ́ kí o tọ́jú wọn dáadáa. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tó oṣù méjì tí òṣùpá fúnra rẹ̀ fi mú mi. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí o bá fẹ́ bínú, má wá ẹlòmíràn bínú sí.

O mọ bí o ṣe fi wá sílẹ̀. Bàbá ọmọ ti kú kí ó tó mọ̀ ọ́n lójú, ìwọ tìṣà sáyẹ́ǹsì sì ní láti rékọjá òkun lọ gba oyè ọdún méjì, ló bá ku èmi àti Akọ̀wé nínú ilé. Àdéhùn tí ẹ̀yin méjèèjì ṣe ni pé ní ìrọ̀lẹ́, kí olúkúlùkù wo òṣùpá níbi tó bá wà, nítorí òṣùpá kan náà ni. Nígbà tí o lọ, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ó fi okùn so ìwé rẹ̀ mọ́ irin fèrèsé tí èmi wẹ́dà fi ọwọ́ ara mi jó. Ó ń fi ìdérí agolo kan ya róbótó, á wá fi pẹ́ńsùlù kun ibi tí òkùnkùn bá wà. Nígbà tí mo rí i pé kì í pa ọjọ́ kan jẹ, mo sọ ọ́ ní Akọ̀wé Òṣùpá. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn oníbàárà mi kò mọ òmíràn.

Gbogbo orúkọ tí ò ń fi ránṣẹ́ sí i ló fi ń kọ́ mi. Kó tó di ìgbà náà, gbogbo ohun tó bá ń tàn lókè lálẹ́, ìràwọ̀ ni mò ń pè é. Ó ní rárá o, Bàbá Oníná, bó ṣe máa ń pè mí nítorí iná iṣẹ́ mi, ìràwọ̀ ní iná tirẹ̀ bí oòrùn, ó kàn jìnnà ni. Ó ní òṣùpá kò ní iná kankan, oòrùn ló ń tàn sí i lára. Ó ní ìràwọ̀ onírù kì í ṣe ìràwọ̀, yìnyín àti eruku ni, àti pé àgùàlà náà kì í ṣe ìràwọ̀, ayé mìíràn ni tí ń yí oòrùn ká bíi tiwa. Mo ní, ṣé o kò gbọ́ ohun tí àwọn àgbà wí, pé àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni? Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ajá wo ló tóbi ju olówó rẹ̀ lọ tó bẹ́ẹ̀. A jọ gbádùn ọdún yẹn gan-an, ọmọ mi. Mo fẹ́ kí o mọ èyí náà.

Nígbà tí o kọ̀wé pé òṣùpá máa gba iwájú oòrùn kọjá, o kọ ọ́ kedere. O ní awò dúdú tó yẹ ti wà lọ́nà nínú páálí. O ní bí páálí kò bá tètè dé, kí ọmọ má gbójú sókè rárá. Kí n lu ihò kékeré sára páálí kan, kí ìmọ́lẹ̀ gba ibẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kí ó wo àwòrán oòrùn lórí ilẹ̀. O tún fi kún un pé bó bá jẹ́ gíláàsì wẹ́dà ni a fẹ́ lò, kò gbọdọ̀ dín ní nọ́ńbà mẹ́rìnlá, torí bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni gíláàsì ń ṣókùnkùn tó. Mo kà á. N kò lè sọ fún ọ pé n kò kà á, torí mo kà á sókè fún Akọ̀wé.

Ọjọ́ Ẹtì dé, páálí kò dé. Kí n má purọ́ mìíràn fún ọ, lẹ́tà rẹ yẹn ti bí mi nínú díẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń wo iná tó ń sọ irin di omi, ojú mi méjèèjì sì ṣì wà lórí. Ọmọ tí mo fi iṣẹ́ náà rán níléèwé ni yóò wá kọ́ mi bí a ṣe ń dáàbò bo ojú? Mo ní kí á máa wo oòrùn lórí ilẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù, eré ọmọdé nìyẹn. Mo ní ọmọ ọmọ wẹ́dà gbọ́dọ̀ wo oòrùn lójú kòrókòró. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé náà, a gbé àga méjì síwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo mú ìbòjú ńlá tí mo fi ń jó irin, èyí tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà mọ́kànlá, mo gbé e lé ọmọ lórí. Ó bò ó dé àyà, ọrùn rẹ̀ sì tẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní ó wúwo, òun kò lè máa gbé e sókè gbé e sílẹ̀ kí òun sì tún máa yàwòrán. Mo wá mú awò gáàsì lórí ìṣó, èyí tí a ń wọ̀ bí a bá ń fi gáàsì gé irin, tó ní rọ́bà lẹ́yìn. Mo fa rọ́bà rẹ̀, ó bá orí rẹ̀ mu rẹ́gí. Nọ́ńbà márùn-ún ni. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà márùn-ún ni. Lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn ibi tí a jókòó sí gan-an, èmi fúnra mi ni mo fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má fi awò gáàsì wo iná wẹ́dà. Ṣùgbọ́n oòrùn jìnnà, mo rò pé ohun tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kò lè jóni tó iná tó wà lábẹ́ imú ẹni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ojú ara mi sẹ́yìn gíláàsì tó ṣókùnkùn, mo fi ojú ọmọ sẹ́yìn èyí tó mọ́lẹ̀.

Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé nǹkan gé oòrùn jẹ létí. Akọ̀wé á wò, á yà, á tún wò. Mò ń ka aago fún un, òun ń kọ aago sí abẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ ojúde rẹ̀wẹ̀sì, adìyẹ aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ìbòjì wa lórí ilẹ̀ sì rí bákan. Nígbà tó kù díẹ̀ kí òṣùpá bò ó tán, ó gbé ojú kúrò, ó ní, "Bàbá àgbà, ó ń tàn mí lójú." Mo ní, "Wò ó dáadáa, kí o lè yà á fún màmá rẹ." Ó sì wò ó dáadáa. Ìwọ náà mọ̀ pé ọmọ tó máa ń gbọ́ràn ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní nǹkan dúdú kan ń tẹ̀ lé òun kiri. Bó bá wo abọ́, ó wà nínú abọ́. Bó bá wò mí, ó wà níbi imú mi. Ojú kò pọ́n, kò ṣomi, kò dùn ún. Mo ní ojú wẹ́dà ni, kò sí ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí tí kò ní in rí. Iná á ta sójú, ojú á máa ro ọ́ bí ẹni da iyanrìn sí i, bó bá di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta á lọ. Mo fi aṣọ tútù lé e lójú, mo fa aṣọ fèrèsé, mo ní kó sinmi. Tirẹ̀ kò ro ó, kò sì ta á, mo wá ka ìyẹn sí oore. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ kò jẹ̀rora.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni olùkọ́ rẹ̀ fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ọmọ tó ń kàwé bí ẹni mumi kò rí ojú pátákó mọ́, pé ó ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹyẹ kó tó lè mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé náà. Mo rí i, mo ní eré ni.

Àǹtí rẹ aránṣọ ló sìn wá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Obìnrin tí kò ju ọjọ́ orí rẹ lọ ni. Ó fi iná tín-ín-rín wo ojú ọmọ náà fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní kí àǹtí rẹ mú un jáde. Ó ní ẹ̀yìn ojú lọ́hùn-ún, ibi kékeré tí a fi ń kàwé, tí a sì fi ń mọ ojú èèyàn, ti jó. Ó ní ibẹ̀ kì í mọ ìrora, ìdí nìyẹn tí kò fi dun ọmọ. Ó bi mí pé awò wo ló lò. Mo ní ti gáàsì, nọ́ńbà márùn-ún. Ó bi mí pé, "Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?" Mo ní wẹ́dà. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Kò bú mi, ì bá sì sàn fún mi ká ní ó bú mi.

Ó ní kò sí òògùn rẹ̀. Ojú òsì lè padà díẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Ti ọ̀tún, ó ní òun kò fẹ́ fi ìrètí tàn wá. Kì í ṣe pé ilẹ̀ ti ṣú fún ọmọ náà o, jọ̀wọ́ gbọ́ mi yé. Ó ń rìn, ó ń sáré, ó ń rí ẹ̀gbẹ́ ohun gbogbo. Àárín ni kò rí. Ohun tó bá wò gan-an ni kì í rí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, ọwọ́ mi gan-an ló wọ́ orí ọmọ náà.

Àǹtí rẹ ní kí á má tíì sọ fún ọ, pé ìdánwò àṣekágbá rẹ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. N kò fi ẹ̀bi yìí lé e lórí, ohun tí mo ti ń wá ẹni tí yóò sọ ni ó sọ. Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò ní ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé mi lọ, mo bá sá sínú ìwé. Mo mú ìdérí agolo Akọ̀wé, mo mú pẹ́ńsùlù rẹ̀, mo jókòó sídìí tábìlì bí ọmọ iléèwé. Òjò kò jẹ́ kí á rí ojú ọ̀run ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ká tilẹ̀ ní ojú ọ̀run mọ́, n kò ní gbójú sókè. Mo ń ṣí ewé àtijọ́, mo ń wá èyí tó wù mí, mo ń dà á kọ. Èyí tó wù mí jù ni òṣùpá àrànmọ́jú kan tó ní agbo ìmọ́lẹ̀ yíká, òun ni mo fi sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo tilẹ̀ yin ara mi pé ó rí róbótó. Akọ̀wé gbọ́ ìró pẹ́ńsùlù láti yàrá kejì, ó béèrè ohun tí mò ń ṣe. Mo ní mò ń ya ilẹ̀kùn géètì oníbàárà kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ló kù. Ọmọ náà mọ ìró àpò ìwé rẹ bí mo bá ń ya á. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n kà á fún òun, torí òun kò lè kà á fúnra òun mọ́. Mo ka ìkíni, mo sì ká ìwé náà pọ̀. Ó dúró. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan mìíràn, ó béèrè pé, "Bàbá àgbà, ṣé mo wò ó jù ni?"

Ọmọ mi, oṣù méjì ni ọmọ náà ti ń gbé e kiri nínú pé òun ló ṣe ara òun. Mo ní, "Rárá. O kò wò ó jù. Èmi ni mo fi awò tí kò tọ́ sí ọ lójú, màmá rẹ sì ti kìlọ̀ fún mi." Kò sunkún. Ó fa àga, ó jókòó. Ó wá ní, "Ṣé màmá mi mọ̀?" Mo ní kò tíì mọ̀. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sí i. Èmi náà á ya tèmi." Ìdí tí o fi ń ka lẹ́tà yìí nìyẹn, kì í ṣe pé mo ní ìgboyà. N kò bi í bóyá ó dárí jì mí. Láti àná, kò tíì pè mí ní Bàbá Oníná.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, a jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù. Oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, òṣùpá tuntun kejì láti ọjọ́ náà, àgùàlà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ti rí ọgbọ́n kan dá. Bí òun bá wo òṣùpá, kò sí òṣùpá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òun bá wo àgùàlà, àgùàlà á pòórá, òṣùpá á sì yọ sí òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ó ní kí n dán an wò. Mo dán an wò. Mo rí àwọn méjèèjì kedere, kò sì sí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú. Mo sọ fún un pé mo rí i bó ṣe wí.

Àwòrán tó wà nínú àpò ìwé yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni. Orí tó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló fi yà á, ìdí nìyẹn tí ìlà rẹ̀ fi wọ́. Wàá rí òṣùpá létí ewé, tín-ín-rín, ó kọjú síbi tó yẹ kó kọjú sí. Láàárín ewé, níbi tó yẹ kí àgùàlà wà, ó fi pẹ́ńsùlù kùn ún dúdú, ó kùn ún títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Má ṣe rò pé àṣìṣe ni. Ohun tó rí ló yà.

Bóyá o máa wálé, bóyá o máa dúró ṣe ìdánwò, n kò ní ẹnu tí mo lè fi gbà ọ́ nímọ̀ràn. Akọ̀wé ní kí n sọ fún ọ pé kí o ṣe ìdánwò náà kí o sì yege. Bí o bá ní kí ọmọ kúrò lọ́dọ̀ mi lọ máa gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ, mo ti ká aṣọ rẹ̀ sínú àpótí, wọ́n wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn. N kò ní bá ọ jiyàn. Awò gáàsì yẹn wà lórí ìṣó rẹ̀, n kò sọ ọ́ nù, mo fẹ́ máa rí i ní gbogbo ìgbà tí mo bá wọlé iṣẹ́. Àwọn àgbà ní bí a tilẹ̀ ń sunkún, a máa ń ríran. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn tó wà nínú ọ̀fọ̀. N kò ní sọ ọ́ mọ́ nínú ilé yìí.

Kí Ọlọ́run tó gbé oòrùn àti òṣùpá sí ààyè wọn dì ọ́ mú níbi tí o wà. Kí ìbànújẹ́ tí mo fi ọwọ́ mi fà yìí má dá ọ dúró lójú ọ̀nà. Kí ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù fún ọmọ wa má dín, kí ojú òsì padà, kí ti ọ̀tún náà sì ṣe ohun tí dókítà kò retí. Ìwọ náà á gbó, wàá tọ́, wàá sì dé bá wa láàyè, ì báà jẹ́ pé o kò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí o bá dé.

Èmi ni bàbá tó bí ọ, tó sì ṣẹ̀ ọ́,

Bàbá rẹ.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Páálí rẹ dé ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn Sátidé náà. Mo ti rò pé awò kan ṣoṣo ló máa wà níbẹ̀, ti ọmọ. Méjì ni mo bá. O kọ "Akọ̀wé" sára kékeré, o sì kọ "Bàbá mi, ẹ má ṣagídí" sára ńlá. N kò tíì yọ wọ́n kúrò nínú ọ̀rá.